Kí ẹ tó dá irin àmì padà

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ irin àmì, irin tí ẹ ń fi òòlù lù kí àmì ẹnu rẹ̀ lè hàn lára idẹ, tí ẹ ń dá padà pé kò mú mọ́ ni kò lẹ́bi. Idẹ tí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ló le jù. Idẹ, bàbà àti fàdákà, bí a bá ṣe ń lù wọ́n ni wọ́n ń le sí i. Pẹlẹbẹ tí ẹ sì rà lọ́jà, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ kó tó fẹ̀, nítorí náà ó ti lè le kó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ fi iná rọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi irin kàn án. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, torí ojú ò ní rí àwọ̀ rẹ̀ nínú oòrùn. Tó bá ti pọ́n bí ẹyin iná tí eérú ń bò, ó tó. Tí èéfín funfun bá ń yọ lára idẹ, ẹ ti sun ún jù, èéfín náà ò sì dára fún ìmí. Bàbà lè wọ omi lójú ẹsẹ̀. Idẹ kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹ jẹ́ kí pípọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè sán.

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń ṣí dúdú iná kúrò lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ẹ̀mú irin bọ inú omi yẹn. Bàbà tó ti yọ́ sínú rẹ̀ á jókòó sára iṣẹ́ yín, fàdákà á wá pọ́n. Ọparun ni kí ẹ fi mú un.

Òòlù tó tó ìdajì kílò ló bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ di irin àmì mú nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó dúró ṣánṣán, kí ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmì tó jáde ní méjì-méjì, tábìlì ló sábà máa ń fà á: àárín tábìlì máa ń ta iṣẹ́ padà sókè. Ọ̀gangan ẹsẹ̀ tábìlì ni kí ẹ gbé owú irin, ìyẹn irin tí ẹ ń tẹ́ iṣẹ́ lé, sí. Ojú iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ tíì ká o. Ẹ tẹ àmì tán kí ẹ tó ká a di ẹ̀gbà ọwọ́.

Àwọn kan ń bèèrè irin tó lè fa ilà bíi ti orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Iṣẹ́ dídà nìyẹn. Ìda ni wọ́n kọ́kọ́ mọ, kí idẹ yíyọ́ tó gba ipò rẹ̀. Abẹ tí a fi ń fín ìda ni kí ẹ bèèrè.

Irin tí ẹnu rẹ̀ bá wó lórí idẹ tí iná ti rọ̀, a máa pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ bá lù lórí irin tí kì í dípẹtà, irú tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí, a ò lè gbà á. Ẹ mú idẹ tí ẹ lò ó lé lórí dání wá.