Ọwọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró nínú eré ìje onídènà, kì í ṣe ẹsẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti ìgbà tí àjọ UIPM, tó ń darí pentathlon ìgbàlódé (ìdíje tó pa eré márùn-ún pọ̀), ti yọ gígun ẹṣin kúrò tí wọ́n sì fi ìdènà rọ́pò rẹ̀ fún Òlíńpíìkì Los Angeles 2028, ọ̀rọ̀ eré ìje onídènà, níbi tí asáré ti ń gun ògiri àti okùn, tó ń gbé ẹrù, tó sì ń rákò nínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà, ti ń wọ ojú ìwé eré ìdárayá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Òlíńpíìkì yẹn kò gùn tó 100 mítà; kí èèyàn tó mí kanlẹ̀, ó ti parí. Ọ̀tọ̀ ni ti ọlọ́nà jíjìn tí àwọn èèyàn ń forúkọ sílẹ̀ fún. Spartan Beast, ọ̀kan lára àwọn eré tí ilé-iṣẹ́ Spartan ń ṣètò, jẹ́ kìlómítà 21 pẹ̀lú ìdènà 30. Ultra tiwọn jẹ́ kìlómítà 50 pẹ̀lú ìdènà 60. Ní ti eré mìíràn tí wọ́n ń pè ní World's Toughest Mudder, wákàtí 24 gbáko ni wọ́n fi ń yí ojú ọ̀nà máìlì márùn-ún po. Síbẹ̀ ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn: bí o bá ti lè sá kìlómítà 21 lójú títì, lọ forúkọ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn ni mo fẹ́ takò.

Ẹsẹ̀ onítọ̀hún á gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò ní gbé e.

Iṣan tó ń pa ìka dé wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Bí a bá di nǹkan mú ṣinṣin, iṣan yẹn á le, á sì fún òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ní ráyè wọlé dáadáa. Apá á wú, á gbóná, ìka á sì máa ṣí fúnra wọn. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ ní ìdènà àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn kìlómítà 12 tàbí 15 ló ń dé, nígbà tí ọwọ́ ti tutù, tí ẹrẹ̀ ti bo àtẹ́lẹwọ́, tí irin tí a fẹ́ rọ̀ mọ́ sì ti ń yọ̀ láti ọwọ́ àwọn tó ti kọjá. Ẹni tó ń rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan nínú ilé ìdárayá lè má lò ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì já bọ́ á san án. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bọ́pì 30 ni Spartan fi ń jẹ ẹni tó bá kùnà ní ìdènà kan níyà: dọ̀bálẹ̀, kí àyà kan ilẹ̀, dìde, fò sókè. Kùnà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó di 150. Èjìká àti apá tí a fi ṣe é náà la tún fẹ́ fi gun ògiri tó kàn. Gbèsè tó ń bí gbèsè ni.

Nítorí náà, ìgbà tó ti rẹ ara ni kí ẹ máa kọ́ ọwọ́, ẹ má fi mọ sí ìgbà tí ara ṣì le. Ẹ sá 800 mítà, kí ẹ rọ̀ mọ́ irin fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ gbé ẹrù kìlógíráàmù 20 rin 100 mítà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè wá di mẹ́fà tàbí méje. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ má kánjú, torí okùn iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í tètè lágbára bí ẹran fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sáré kó ìdárayá ọwọ́ jọ, ìgúnpá ni yóò máa dùn ún. Lọ́jọ́ méje tó ṣáájú eré, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ kó sinmi.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé ká má fi ìka ṣòfò níbi tí ẹsẹ̀ ti lè ṣiṣẹ́. Gígun okùn ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ọ̀pọ̀ máa ń fi apá fa ara wọn sókè, wọn kì í sì í dé ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn gba ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ ọ̀tún, kó gba abẹ́ bàtà ọ̀tún. Kí ẹsẹ̀ òsì gbé e sókè láti inú, kó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bàtà ọ̀tún. Àtìpa nìyẹn. Ẹ lè dúró lórí rẹ̀ bí ẹni dúró lórí àkàsọ̀. Ẹ gbé orúnkún dé àyà, ẹ tún un tì, ẹ nà dúró. Nígbà mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ti dé òkè. Bí ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́yìn èkejì ni o. Ẹni tó bá yọ́ wálẹ̀, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bó, ìdènà mẹ́wàá sì lè kù níwájú.

Garawa tí wọ́n kún fún òkúta ń kọ́? Ẹ má di etí rẹ̀ mú. Ẹ gbá a mọ́ àyà, kí ọwọ́ méjèèjì kọ́ra ní abẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn àti ìbàdí gbé e. Àpò yanrìn, èjìká ni ààyè rẹ̀. Lábẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún, bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, yíyí gbirigbiri yá ju fífi ìgúnpá wọ́ lọ, ó sì ń dá orúnkún sí. Ojú lè máa pòòyì, ẹ dúró mí kí ẹ tó dìde.

Ọ̀kọ̀ jíjù sára àmì náà wà lára ìdènà. Kò gba agbára, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọ́n ń gbà kí èèyàn jù ú. Ohun tó ń bà á jẹ́ lemọ́lemọ́ ni okùn tí wọ́n so mọ́ ìdí ọ̀kọ̀: ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, tàbí kó lọ́ mọ́ igi ààlà, ọ̀kọ̀ á sì já sí ààrin ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ tú okùn náà, kí ẹ tẹ́ ẹ síwájú. Ẹ wá ibi tí ọ̀kọ̀ ti dọ́gba lọ́wọ́, kí ẹ dì í mú díẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀, kí ẹ sì wo òkè ju ibi tí ẹ fẹ́ kó wọlé sí lọ.

Òtútù ni ọ̀tá kejì, àwọn asáré ojú títì kì í sì í gbà á gbọ́. Omi máa ń gba ooru ara ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25. Ẹni tó bá jáde nínú adágún tó sì ń rìn kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìka tó tutù kò sì ní ìdìmú. Aṣọ òwú máa ń mu omi, á sì di ẹrù lára. Aṣọ ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ fi ẹ̀wù fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ara ti móoru, tí ọ̀rọ̀ ẹni náà sì ń wọ́, kí ó jáde kúrò lójú ọ̀nà.

Ní ti oúnjẹ, ṣúgà gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kan, omi mílílítà 400 sí 800 pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mu omi ju bí òùngbẹ ṣe béèrè lọ. Àmujù máa ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, èébì àti orí fífọ́ á tẹ̀ lé e, ó sì lè pani. Ẹ má lo oògùn ìrora bí ibuprofen lórí ìrìn, torí kíndìnrín ti wà lábẹ́ wàhálà tẹ́lẹ̀. Bí ìtọ̀ bá dúdú bí ẹlẹ́rìndòdò olómi dúdú lẹ́yìn eré, iṣan ló ń fọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ pa ẹnu dé nínú ẹrẹ̀. Ní Nevada, lóṣù Kẹwàá 2012, kòkòrò Campylobacter, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ṣe àwọn èèyàn kan tó kópa nínú irú eré yìí, àwọn olùwádìí sì rí i pé omi ẹrẹ̀ tí wọ́n ṣèèṣì gbé mì ló fà á. Ẹran ọ̀sìn ti ń gba ilẹ̀ yẹn kọjá tẹ́lẹ̀.

Olóòtú, bí ẹ bá tún fẹ́ kéde irú eré yìí, ẹ bá wa béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde: iye ìdènà, ìyà tó wà fún ìkùnà, bí omi ṣe tutù tó, àti ibi tí omi ẹrẹ̀ ti ń wá. Owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ni eré ìje onídènà