Sí ọmọ mi, nípa eré ìbéèrè fíìmù àti orin alẹ́ Sátidé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀, mo sì gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà. Láti alẹ́ Sátidé tí mo wà nínú yàrá rẹ, nígbà tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ kúrò nínú ìjọ wa àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ka fíìmù àti orin ayé léèwọ̀, pàdé lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń bi ara yín ní ìbéèrè lórí fíìmù àti orin, ni ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi. N kò lè fi ẹnu sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ẹ̀rín ń lọ láàárín yín, n kò sì fẹ́ bà á jẹ́. Mo wá rò ó pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè kà á nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀.

Ohun tí mo rí nìyí. Atọ́kùn yín ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó darí fíìmù kan, gbogbo yín sì dákẹ́. Ìwọ pa àwòrán ara rẹ lórí kọ̀ǹpútà, o gbé fóònù sórí itan lábẹ́ tábìlì, àtàǹpàkò rẹ ń sáré lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń tàn sí ọ ní àgbọ̀n. Kò pẹ́ tí o tún fi ojú rẹ hàn, o sì dárúkọ ẹni náà bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ, wọ́n fún ọ ní máàkì, ṣùgbọ́n inú rẹ kò dùn sí i, mo rí i lójú rẹ. Nígbà tí eré parí tí o lọ bu omi, mo rí ìwé àkọsílẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ. Orúkọ àwọn fíìmù tó gba ẹ̀bùn fíìmù tí wọ́n ń pè ní Oscar ló kún ojú ewé méjèèjì, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n gbà á, o sì fa ìlà pupa sábẹ́ àwọn tí o kò tíì há sórí. Bẹ́ẹ̀ gan-an lo ṣe máa ń fa ìlà sábẹ́ ẹsẹ àkọ́sórí nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí ẹ̀rù àwọn alàgbà máa ń bà ọ́.

Ọmọ mi, mo mọ ìtìjú tó wà nídìí rẹ̀, nítorí pé ó ti bá èmi náà jà. Ní ọdún tí a kúrò nínú ìjọ, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ fíìmù kan níbi tí a ti ń sinmi lọ́sàn-án, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wò ó. Ọ̀kan nínú wọn wá yíjú sí mi, ó ní ibo ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú rẹ̀. N kò rí èsì kankan fọ̀. Mo dìde pé mo fẹ́ lọ gba ìpè, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò pè mí. Ó tó oṣù mẹ́ta tí n kò bá wọn jókòó mọ́. Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn kò ní ìkà nínú, ká ní mo sọ fún un pé n kò wò ó rí, ì bá sọ ìtàn náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o máa sọ ọ́ jáde pé o kò mọ̀ ọ́n, pàápàá láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ibòmíràn wo ni àlàfo inú ìmọ̀ rẹ kò ti ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni? Ẹnìkan nínú yín bí ọmọ mẹ́ta kó tó wọ ilé sinimá fún ìgbà àkọ́kọ́, òmíràn kúrò nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹlòmíràn sì lo ogójì ọdún gbáko níbẹ̀. Bí o bá sọ pé, “Inú ìjọ ni mo wà nígbà tí èyí jáde,” gbogbo wọn ni ó yé, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí o ṣàlàyé. Ẹni bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí o bá ń fi fóònù bo àlàfo yẹn mọ́lẹ̀, ìwọ nìkan ni yóò máa gbé e kiri nínú àwùjọ tí wọ́n kó ara wọn jọ nítorí rẹ̀.

Pa ìwé àkọsílẹ̀ yẹn tì fún ìgbà díẹ̀. Orúkọ fíìmù àti ọdún rẹ̀ kọ́ ni ohun tí wọ́n fi dù ọ́. Yan ẹyọ kan tí o kò mọ̀ ní Sátidé, kí o wò ó tán láàárín ọ̀sẹ̀, kí o jẹ́ kó dùn mọ́ ọ tàbí kó sú ọ.

Èyí tó wù mí jù láti bá ọ sọ wá kù. O sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé ọdún tí o lò níbẹ̀ ṣófo, pé o kò mú ohun kan jáde. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn, n kò sì gbà pẹ̀lú rẹ. Wo fíìmù Chariots of Fire, ìyẹn Kẹ̀kẹ́ Iná, tó jáde lọ́dún 1981, tó sì gba Oscar mẹ́rin, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti fíìmù tó dára jù lọ, tí òmíràn sì jẹ́ ti orin tí Vangelis ṣe fún un. Bí wọ́n bá bèèrè ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá, àwọn tó mọ̀wé yóò sọ pé inú ewì William Blake ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ibo ni Blake fúnra rẹ̀ ti rí kẹ̀kẹ́ iná? O ti mọ ibẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́fà: ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kejì, níbi tí Èlíjà ti gòkè lọ tí Èlíṣà sì ń ké tẹ̀ lé e. Ìtàn inú fíìmù náà kò sì jìnnà sí ti àwa. Eric Liddell, ọmọ Scotland, kọ̀ láti sáré ọgọ́rùn-ún mítà ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris lọ́dún 1924 nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ sí, ó wá sá irinwó mítà, ó sì gba wúrà. Ìwọ mọ bó ṣe ń rí lára kí gbogbo ayé máa wo ènìyàn nítorí ohun tí kò bá wọn ṣe. Àwọn tó ti ń wo fíìmù láti ọmọdé lè má mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orin. Turn! Turn! Turn! tí The Byrds gbé jáde lọ́dún 1965, tí Pete Seeger ṣe orin rẹ̀, inú Oníwàásù orí kẹta ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti mú gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, níbi tí a ti sọ pé ohun gbogbo ní ìgbà tirẹ̀. Rivers of Babylon tí Boney M. sọ di ìlú mọ̀ọ́ká lọ́dún 1978, tí The Melodians ti Jàmáíkà ti kọ ṣáájú wọn lọ́dún 1970, Sáàmù 137 ni, wọ́n sì mú àdúrà tó parí Sáàmù 19 mọ́ ọn. Àní Elvis Presley, tí àwọn alàgbà wa máa ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà wá, ẹ̀bùn orin Grammy mẹ́ta ló gbà nínú ìdíje, orin ẹ̀mí ni wọ́n sì torí rẹ̀ fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo mọ èyí. Ohun tí o há sórí tẹkúntẹkún nígbà yẹn wà níbẹ̀, tìrẹ sì ni. Mú un wá síbi eré láìtijú.

Mo gbọ́ pé ìwọ ni yóò ṣe atọ́kùn lóṣù tó ń bọ̀. Máa ṣọ́ra pẹ̀lú ìbéèrè tó ní ìdáhùn méjì. Bí o bá bèèrè pé ta ló kọ I Will Always Love You, ẹnìkan yóò dárúkọ Dolly Parton, tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tó sì gbé e jáde lọ́dún 1974, ẹlòmíràn yóò dárúkọ Whitney Houston, tó kọ ọ́ fún fíìmù The Bodyguard lọ́dún 1992, àwọn méjèèjì yóò sì jàre, nítorí pé kíkọ orin àti kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, “kọ” kan náà ni a ń lò fún wọn. Wádìí ohun tí ayé gbà pé wọ́n sọ nínú fíìmù kan kí o tó fi ṣe ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé wọ́n ní “Play it again, Sam” nínú Casablanca ti ọdún 1942, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kí o sì máa dá orin fún wọn gbọ́ kí wọ́n dá a mọ̀, ju bí o ti ń bèèrè ọdún lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín gbọ́ orin wọ̀nyí láti ojú fèrèsé aládùúgbò, nínú ọkọ̀ àti nínú ilé ìtajà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè dí yín létí. Ohùn orin náà wà lára yín bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún yín rí.

Má ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ tí yóò fi àwọn tó ṣì wà nínú ìjọ ṣẹ̀sín. Mo gbọ́ ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì rí i pé arábìnrin tó wà ní igun àwòrán lápá òsì kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n má sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rí ọkàn kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́. Michael Jackson, tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ìjọ tiwa kọ́ ni, fi ọ̀rọ̀ síwájú fíìmù Thriller lọ́dún 1983 pé òun kò fi í ti ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀mí òkùnkùn lẹ́yìn. Gbogbo ayé ń jó, òun sì ń ro ohun tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ sọ. N kò lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun ló sì jẹ́ kí ọwọ́ mi lọ́ra láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. O wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ yá ọ ní kásẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn alàgbà ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ náà. Mo rí i lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ, mo fi ìka fa téèpù inú rẹ̀ jáde títí tó fi dà sílẹ̀ bí òwú, mo sì ní kí ìwọ fúnra rẹ kó o dànù. O kò sunkún. O kó o jọ díẹ̀díẹ̀, o ní, “Ẹ má bínú, Bàbá mi.” Ìjọ kò rán mi. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, ìbẹ̀rù ara mi ló sì tì mí ṣe é, èmi ni ó yẹ kí n bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, dárí jì mí.

N kò wo orúkọ tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì náà kí n tó bà á jẹ́. Bí o bá ṣì rántí ẹni tó kọrin inú rẹ̀, kọ orúkọ rẹ̀ sínú èsì rẹ, kí n wá a rí kó tó di Sátidé, kí a sì jọ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.