Lẹ́tà sí Lotte Lehmann: ọpẹ́ tí ẹ ò kọ parí

Màmá Lotte,

Ẹ̀yin gbajúmọ̀ akọrin opera, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, ẹ ò mọ̀ mí rí. Ẹ ti kú ní Santa Barbara ní 1976 kí wọ́n tó bí mi, àmọ́ ohùn yín ni mo gbọ́ dàgbà, torí bàbá mi tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í jẹ́ kí rẹ́kọ́ọ̀dù yín sinmi.

Àbúrò mi ló ṣàdédé fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, ti gbọ̀ngàn Town Hall ní New York, February 16, 1951, ọjọ́ tí ẹ dágbére. Kò mọ ohun tó ń fọwọ́ kàn. Oorun ò kùn mí mọ́.

Àárín ètò lẹ dúró, ẹ ní ó tán, àwọn èèyàn ń pariwo pé rárá, ẹ wá ní Marschallin, obìnrin tẹ́ ẹ máa ń ṣe nínú opera Richard Strauss kan, wo dígí ó ní àsìkò ti tó, ẹ̀yin náà ti wo dígí. Nígbà tó kan "An die Musik" ti Schubert, orin tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ orin, tó ku ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tó parí ẹ̀, ẹkún gbà á mọ́ yín lẹ́nu, ẹ fọwọ́ bojú, Ulanowsky ń tẹ dùùrù ẹ̀ lọ títí orin fi tán.

Ọpẹ́ yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ẹ̀yin tí wọ́n lé kúrò níléèwé orin Etelka Gerster ní Berlin pé ẹ ò lẹ́bùn, kí olùkọ́ orin Mathilde Mallinger tó gbà yín, tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Hamburg ní 1910, tí Richard Strauss fúnra ẹ̀ ń wá yín fún opera ẹ̀ ní Vienna, tí Násì wá gba Vienna lọ́wọ́ yín ní 1938, táwọn ọmọ ọkọ yín tí ìyá wọn jẹ́ Júù ò lè gbébẹ̀ mọ́, ọkọ yín kú lọ́dún kejì, ẹ ṣì ń kọrin. Gbogbo ìyẹn ò pa yín lẹ́nu mọ́, ọpẹ́ ló wá pa yín lẹ́nu mọ́?

Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Ó ń dùn mí ni. Ẹ̀yin ráyè dágbére. Èmi, gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀ fún mi, iṣan tó ń darí ohùn sì gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá, ó fara gbọgbẹ́, ohùn òkè ò padà wá mọ́. Orin tí mo fi odidi ohùn kọ kẹ́yìn, mi ò tiẹ̀ rántí ẹ̀, bóyá ìdí abọ́ tí mò ń fọ̀ ni mo ti kọ ọ́. Ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi?

Ẹ wá ń kọ́ọ̀yàn lórin ní Music Academy of the West ní California. Grace Bumbry tí ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní St. Louis kọ̀ torí àwọ̀ ara ẹ̀, ẹ gbà á, nígbà tó fi máa di 1961 ó ti ń kọ ipa Venus nínú opera Wagner ní àjọ̀dún Bayreuth ní Germany, àwọn tó ń bínú pé adúláwọ̀ ni pariwo pariwo, ó sì kọ ọ́. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá ń fi orin han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ohùn ìsàlẹ̀ lásán lẹ fi ń kọ ọ́, ojú yín àtọwọ́ yín ló ń sọ ìyókù.

Èmi náà fi tèmi kọ ọ́ nísàlẹ̀ fáwọn sopranó mi, àwọn olóhùn òkè inú kọ́yà wa, gbogbo wọn bá mi sọ̀ kalẹ̀! Ọmọ kan wà nínú wọn, ohùn ẹ̀ já gaara, ó ń múra ìdánwò, gbogbo ìgbà ló ń sọ pé, "Àǹtí, ẹ kọ ọ́ ká gbọ́," ojú mi á kún fómi, màá ní ká máa lọ síwájú. Alága kọ́yà ń retí èsì lọ́dọ̀ mi, ṣé kóun gbé iṣẹ́ kíkọ́ wọn fún ẹlòmíì ni àbí kí n máa bá a lọ.

Tí Grace bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ kóun gbọ́, kí lẹ máa ń sọ fún un?