Èmi Ni Mo Kọ́ Ọmọ Mi ní Ẹkún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ pé sàíkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kò kan ẹni tí orí rẹ̀ pé. Irú èrò yẹn ni èmi náà ní, àfi ìgbà tí wọ́n kọ́ wa ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí mo ń lọ ṣe nígbà ìsinmi.

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í jẹ́ kí n rí ọjà ná. Bí a bá ti dé ìdí igbá oníwàrà ní Ọjà Ọba báyìí, yóò jókòó sílẹ̀, yóò sì figbe ta. Màá ní n kò rà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, tí ojú ti ń tì mí lọ́dọ̀ àwọn tó ń wò wá, màá rà á. Kí omi wàrà tó kán sí àyà aṣọ rẹ̀, ẹkún ti tán. Odidi ọdún kan ni mo fi ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìdílé wọn ni ọmọ ti mú agídí.

Ọjọ́ tí a dé orí B. F. Skinner, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà tó fi eku àti ẹyẹlé ṣe àyẹ̀wò, ni ara mi bù máṣọ. Bí eku bá tẹ ọ̀pá tí oúnjẹ sì ń jáde fún un nígbà gbogbo, kì í pẹ́ jáwọ́ bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n èyí tí oúnjẹ ń jáde fún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò mọ ìgbà tí yóò jáde, yóò máa tẹ̀ ẹ́ ṣáá ni. Èmi tí mo rò pé mo ń kọ̀ fún ọmọ, ṣé ẹ rí i, pé kí ó má tètè dákẹ́ ni mo ń kọ́ ọ.

Mo wá fi òpin sí wàrà tí mo ń rà nítorí ẹkún. Ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti kìlọ̀, débi tí ìyá aláta kan fi bi mí bóyá èmi ni mo bí ọmọ náà. Nísinsìnyí, kí a tó jáde nílé ni mo ti ń sọ fún un bóyá a ó ra wàrà tàbí a kò ní í rà á, n kì í sì í yí i padà.

Ṣé orí tiwa kò pé ni? Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ará Jámánì tó tẹ ìwé jáde lórí ìrántí àti ìgbàgbé ní 1885, ara rẹ̀ ló fi ṣe àyẹ̀wò. Ó ń há ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì rí i pé láàárín wákàtí kan, ju ìdajì wàhálà tó ṣe lọ ti ṣòfò, àti pé kí a pín àkàtúnkà sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju kí a rọ́ ọ sí ọjọ́ kan lọ. Àwọn àáfà wa ní Ìlọrin níbí, tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ kọ tuntun sí wàláà láìjẹ́ pé ó ka ti àná, kò dúró de Jámánì.

Ibi tí ẹni tó kọ lẹ́tà náà ti jàre kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn akẹgbẹ́ mi kan kò tíì ka orí mẹ́ta tán tí wọ́n ti ń dárúkọ àìsàn ọpọlọ mọ́ àna wọn. Òfófó nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé, bí àyè bá wà lójú ewé àwọn òbí, kí ẹ wá ẹni tí yóò máa kọ ẹ̀kọ́ yìí ní Yorùbá. Ìyá aláta ọjọ́sí ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni mo ṣe tí ọmọ fi dákẹ́.

Èmi ni,
Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan,
Pàkátà, Ìlọrin.