Lẹ́tà sí ẹni tó rí kàyé mi he

Ẹ̀yin ẹni tí n kò mọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà yìí lè má dé ọ̀dọ̀ yín láéláé, ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, inú ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá ni yóò yọjú wò.

Kàyé ni, ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù, etí rẹ̀ ti ká, ìdí ife kọfí sì ya òṣùpá méjì sí i lára. Inú takisí tó gbé mi láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, ni mo gbàgbé rẹ̀ sí. A fún pọ̀ bí ẹja inú agolo nínú ọkọ̀ náà, adìyẹ ẹnì kan wà lẹ́sẹ̀ mi. Ní Sakété, mo ṣì ń kọ̀wé. Ní Pobẹ̀, bí a ti ń kọjá lára àwọn ọ̀pẹ, mo kọ gbólóhùn kan tí inú mi dùn sí gidigidi. N kò rántí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a dé Kétu, mo sanwó, mo gbé àpò, mo ń ṣọ́ ẹsẹ̀ mi kí n má baà tẹ adìyẹ olóhun pa. Kàyé jókòó síbẹ̀, ọkọ̀ gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ó bá nínú rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé wèrè ló ni ín.

Gbèsè ló wà lójú ewé àkọ́kọ́: 600 sẹ́fà, owó epo kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́) tí mo gbà láwìn fún alùpùpù mi lọ́wọ́ obìnrin ìkóríta wa. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré kan ní ọjà Wándó, tó bi ìyá rẹ̀ pé, “Ṣé òjò náà ní ìyá?” Ìyá rẹ̀ ní kó wọ bàtà rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń kó ìdérí ìgò àti okùn jọ sábẹ́ ibùsùn nìyẹn, pé ọjọ́ tí wọn yóò wúlò ń bọ̀. Ọjọ́ náà kì í sábà dé.

Ìtàn kan tún wà níbẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ nígbà méje. Gbólóhùn kan náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀: “Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu Àkàbà Ìdènà.” Ní ẹ̀ẹ̀keje, ọkùnrin náà di obìnrin. Ẹnubodè àtayébáyé tí gbogbo ayé ti gbà wọ Kétu, n kò rí ẹyọ ẹnì kan mú gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ ó sì rí i pé ìkọ̀wé mi kò dúró sójú kan. Níbì kan mo kọ “kpákó”, níbòmíràn “pákó”. Níbì kan, ɛ àti ɔ tí wọ́n fi ń kọ èdè ní ìhà tiwa. Níbòmíràn, ẹ àti ọ bíi ti Bíbélì ìyá mi tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ má bínú. Nílé ìwé tí mo lọ, Faransé nìkan ló lẹ́nu. Ẹni tó bá sọ Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa, wọ́n á so síńyáàlì mọ́ ọn lọ́rùn, egungun kan tó ń rùn, kò sì ní bọ́ ọ títí yóò fi gbọ́ Nàgó lẹ́nu ẹlòmíràn, tí yóò gbé e kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Bí mo ṣe kọ́ láti máa fetí sí Yorùbá lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi nìyẹn: bí ọlọ́pàá. Ó jọ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé mi ti bẹ̀rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ojú ewé kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Ẹ ó dá a mọ̀, nítorí òun nìkan ni kò sí ibi tí mo ti fi ìlà pa nǹkan kan. Oríkì ìdílé wa ni, láti ẹnu ìyá àgbà mi. Nígbà tí ogun Dàhòmì run Kétu ní 1886, wọ́n kó ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́rú, ọmọdé ni nígbà náà. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Behanzin, ọba Dàhòmì, tí àwọn ará Kétu ń padà wá tún ilé wọn kọ́, ó bá wọn bọ̀. Kò gbé ẹrù kankan. Ìyá àgbà ní oríkì yẹn nìkan ló gbé bọ̀, pé abẹ́ ahọ́n ló ti ń sọ ọ́ ní gbogbo ọdún tó fi ro oko olóko. Oríkì náà lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, ó sì bọ̀. Èmi ni mo wá sọ ọ́ nù sínú takisí.

Orí bébà ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí nígbà tí ìyá àgbà wà láyé. Nígbà tí ikán bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, mo dà á kọ sínú kàyé, mo fi bébà dáná. Láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, níbi ìsìnkú rẹ̀, bébà ni mo sì ń wò. Lálẹ́ ọjọ́ tí kàyé sọnù, mo jókòó sórí ẹní, mo ní kí n kì í:

Ọmọ a-rí-ilẹ̀-pupa-kọ́lé,
ọmọ ẹnu ibodè tí kì í tòògbé,
ọmọ aláṣọ àrán tó gba oko wálé…

Ó tán. Mo mọ̀ pé òkúta wà nínú ìlà kẹrin. Mo rí ibi tí ìlà náà wà lójú ewé, lápá òsì, lábẹ́ àbàwọ́n epo. Ohun tó sọ ni n kò rí.

Mo lọ bá bàbá kan tó máa ń kọrin Ẹ̀fẹ̀, orin òru àwọn eléégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Títí àkùkọ yóò fi kọ ni bàbá yìí ń kọrin, yóò bú olè, yóò júbà àwọn ìyá wa, kò sì sí bébà lọ́wọ́ rẹ̀. (UNESCO polongo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àfẹnusọ gbogbo ayé ní 2001, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ síwèé ní 2008. Kí wọ́n ṣáà má gbé ìwé náà wọ takisí.) Mo bi í bó ṣe ń rántí. Ó ní òun kì í rántí. “Tí mo bá rí orin, oko ni mo ń kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Ọkọ́ ń lọ, orin ń lọ.” Ó wò mí. “Ìwọ ńkọ́, ta lò ń sọ tìrẹ fún?”

Mo wá lọ sí Ìlárá lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Àárín ni òun ti bẹ̀rẹ̀ oríkì náà, ó sì sọ ìlà mẹ́ta tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ìkòkò ló sọ. Mo ní, “Táńtí, òkúta ni o.” Ó ní, “Ìyá ta ni, tèmi àbí tìrẹ?”

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ojú ewé yẹn, ẹ bá mi wo ìlà kẹrin. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ wá ẹni tó lè kà á, kó kà á sókè. Ẹ máa lo kàyé náà lọ, ojú ewé tó ṣófo ṣì pọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ọ̀nà, ẹ bá mi mú ọkùnrin ẹnu Àkàbà Ìdènà wọlé. Ti gbèsè kpayo, mo ti san án. Ẹ fi ìlà pa á fún mi.

Èmi ni,
ẹni tó jókòó ti adìyẹ.