Ọ̀rọ̀ Ọlọ́rọ̀ Lo Gbé Lọ sí Geneva

Àgbádárìgì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú ìmúra ìrìnàjò. Bàbá rẹ sọ fún mi pé físà ti jáde, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìyà tó ń jẹ ọmọ aráyé, lò ń lọ, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tí kò ṣeé sọ tán lórí fóònù.

O ní iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ìjọ gbé fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ yọ̀ǹda ara yín ni kí ẹ máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ẹ máa pín ìwé, kí ẹ sì máa jókòó ti àwọn tó wá jẹ́rìí láti ilẹ̀ mìíràn. Má fojú kéré iṣẹ́ yẹn o. Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí ẹ ń lọ bá, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 2006, orílẹ̀-èdè 47 ló ń dìbò níbẹ̀. Ìjọ kankan kò ní ìbò. Ẹgbẹ́ tí Àjọ náà bá fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn kàn lè jókòó, kó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tàbí méjì. Kí lèèyàn fẹ́ sọ ní ìṣẹ́jú méjì tí kò bá ti to òótọ́ ọ̀rọ̀ jọ tẹ́lẹ̀? Inú ìwé tí ìwọ kọ ni ẹni tó máa dìde sọ̀rọ̀ ti máa mú un. Bí ẹlẹ́rìí bá ní ilé méje ni wọ́n dáná sun, tí ìwọ wá kọ “ilé púpọ̀”, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sẹ́ ọ̀rọ̀ náà ti rí àyè. Bí kò bá yé ọ, bi í léèrè kó tó dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Èyí tó ń ká mi lára jù nìyí. Nínú ìjọ wa, ó ti mọ́ wa lára pé bí ẹnì kan bá jẹ́rìí, gbogbo wa la máa gbé e kiri, a ó sọ ọ́ nílé, a ó sọ ọ́ lọ́jà, torí ògo Ọlọ́run ni. Ẹ̀rí tí o máa gbọ́ ní Geneva yàtọ̀ pátápátá. Ọlọ́rọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tó padà délé, àwọn ọlọ́pàá ti ń dúró dè wọ́n. Lọ́dọọdún ni Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń gbé ìròyìn jáde lórí àwọn tí wọ́n fìyà jẹ, tàbí tí wọ́n halẹ̀ mọ́, nítorí pé wọ́n bá Àjọ náà sọ̀rọ̀. Nítorí náà, má ya fọ́tò ẹlẹ́rìí kankan sórí WhatsApp rẹ. Bó bá tiẹ̀ gbà kí o ya òun, bi í lọ́tọ̀ bóyá o lè dárúkọ rẹ̀, kí o tún bi í lọ́tọ̀ bóyá o lè dárúkọ abúlé rẹ̀. Bó bá yí ọkàn padà lọ́jọ́ kejì, pa á rẹ́, má bi í ní ìdí. Bí o bá sì máa mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síbi àdúrà, má dárúkọ rẹ̀. Ọlọ́run mọ ẹni tí à ń sọ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ń fi t’ọmọ jẹ́ ẹ.

O mọ̀ pé Àjàyí Crowther gbé ìlú wa níbí kó tó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Wọ́n ti mú òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tà á látọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó wá dé iwájú Ọbabìnrin Victoria àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1851, tó ń sọ bí òwò ẹrú ṣe ń gba Èkó kọjá, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn gan-an, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, nígbà tó sì di 1861, wọ́n gba ìlú náà mọ́ ọba lọ́wọ́. Èmi kò dá Àjàyí lẹ́bi; mo bọ̀wọ̀ fún un ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn alágbára tó ń gbọ́ ẹ̀rí ti ní ohun tí wọ́n ń wá kí ẹlẹ́rìí tó dé. Bí aṣojú ìjọba kan bá sáré tọ̀ yín wá, tí ara rẹ̀ ń yá gágá nítorí ìyà tó ń jẹ àwọn kan, wò ó bóyá ó ń sọ ti ìyà tí àwọn ọ̀rẹ́ ìjọba rẹ̀ ń fi jẹni. Kí ẹ sì bi àwọn tó ń jìyà pé kí ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n bá àwọn ṣe, kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ wọn lé e lọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà bá délẹ̀, má tìtorí ojú ayé fi òótọ́ pamọ́, má sì fi kún un. Wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tiwa wò níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 2024, bí wọ́n ṣe ń yẹ ti gbogbo orílẹ̀-èdè wò. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀.

Ẹ̀sìn ló kó yín jọ lọ, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbèjà onígbàgbọ́ nìkan. Abala 18 nínú Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1948 kò yan ẹ̀sìn kan. Ó ní èèyàn lè gba ohun tó wù ú gbọ́, ó sì lè yí i padà. Ní Àgbádárìgì níbí, ẹni tó ń lọ sí ìsìn, ẹni tó ń kírun, àti ará ilé Zangbeto, awo ìbílẹ̀ tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ fo ìyà Mùsùlùmí tàbí ti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ dá nínú ìwé yín, sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò dára. Ìwọ lo kéré jù níbẹ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀, sọ ọ́.

Ìtàn burúkú tí èèyàn ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ máa ń wọni lára. Má dá a gbé sùn. Wá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tí ẹ ó jọ máa sọ̀rọ̀, kí o sì máa jẹun lásìkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n.

Ṣe ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ, fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Bùrọ̀dá Táyọ̀. Ra ẹ̀wù òtútù tó nípọn. Kí físà yẹn tó tán, padà wálé, ẹnikẹ́ni ì báà ní kí o dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tó fẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ ni wọ́n máa kọ̀ físà fún bí o bá dúró. Bàbá rẹ ní òun máa bá ọ dé pápákọ̀ òfuurufú, kí o sọ aago tó yẹ kí ẹ kúrò nílé fún un, torí sún-kẹẹrẹ ọ̀nà wa yìí.

Èmi ni ìyá rẹ ọ̀wọ́n,
Màmá Àbẹ̀kẹ́.