Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ tó bá òbí wọn wá sí London kọ́ṣẹ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé òbí wọn wá sílùú ọba ló jẹ́ kí n kọ̀wé, pàápàá àwọn tó dé lọ́mọ ọdún 15, 16, torí àwọn yẹn ló máa ń há sáàárín. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń múra GCSE, ìdánwò tó dà bíi WAEC, níbí, ọmọ tó wá bá wọn níparí ẹ̀, kí ló fẹ́ kọ síbẹ̀? Ẹni tó ti ń múra WAEC nílé, wọ́n á ní kó ṣì lọ máa kọ́ English àti maths títí táá fi yege tàbí táá fi pé 18, ojú á wá máa ti ọmọ. Ká tó wí ká tó fọ̀, òbí ti ń pariwo yunifásítì, lọ́yà, dókítà, ẹ ṣáà mọ̀ wá.

Kí ló dé tá a sá fún apprenticeship? Iṣẹ́ kíkọ́ tá a mọ̀ nílé náà ni, àmọ́ nílé àwa là ń sanwó fún ọ̀gá, a tún máa náwó fírídọ́ọ̀mù, níbí ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́. Ní Épírù 2025, wọ́n sọ owó wákàtí kan tó kéré jù di £7.55 fún ẹni tí ò tíì pé 19 tàbí tó ṣì wà lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n sì ń yọ àkókò sílẹ̀ fún un láti kàwé. Iṣẹ́ iná wà ńbẹ̀, plọ́ḿbà, akáńtì, nọ́ọ̀sì pàápàá, èyí tó ń fúnni ní dígírì náà wà, kí ẹni tó ń wá dígírì fọkàn balẹ̀. T Level, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2020 náà wà, ọdún méjì ni, ọmọ á sì lo ó kéré tán ọjọ́ 45 níbi iṣẹ́ gidi.

Pépà ìgbélùú ló ń dá wọn dúró. Kíjọba tó lè bá ọ̀pọ̀ nínú wọn san owó ẹ̀kọ́ apprenticeship yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbé níbí fọ́dún mẹ́ta kí pépà wọn sì pé. Ẹni tó dé ní 16, ó di 19 nìyẹn. Àárín ìgbà yẹn làwọn míì ti ń bá òbí ṣe klíínà lóru, ìwé á sì parẹ́ lọ́kàn wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí ò ju 18 lọ o! Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àtàwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń háyà họ́ọ̀lù fún pátì lọ́dọọdún, ṣé wọn ò lè pe injiníà kan, oníṣẹ́ iná kan, kí wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Sátidé, kí wọ́n bá wọn kọ CV, kí wọ́n wo pépà wọn?

Ẹ̀yin náà ẹ bá wa wá àwọn ọmọ Yorùbá tó ti gba ọ̀nà yìí, kẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, torí àwọn òbí ibí ń ka ìwé ìròyìn yín lórí fóònù.

Òǹkàwé yín, Peckham, London